Gílóòbù Dádì Nínú Kíréètì Ẹyin

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà ní Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé èmi Déọlá fẹ́ràn kí n máa to nǹkan jù, ẹ ti borí! Láti òní lọ, mi ò ní bá yín jiyàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, gílóòbù iná. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì mi ló ń kó kúrò ní Ìpọ̀nrí. Onílé ti ta ilé. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi gbé inú fúláàtì yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi àti àbúrò mi Káyọ̀dé dàgbà, ibẹ̀ náà ni Dádì wa wà kí wọ́n tó jáde láyé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo bá wọn wá yàrá méjì kan ní Yaba, kò ju òpópónà kan lọ sí ibi tí èmi ń gbé, kí n lè máa yà lọ jẹun níbẹ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ta ló tún fẹ́ dáná lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọjọ́ bẹ àwọn kọ́sítọ́mà lórí fóònù?

Ẹ̀yin tí ẹ ti yálé gbé l'Ékòó rí, ẹ mọ òfin yẹn dáadáa. Tí ayálégbé bá ń kó jáde, gílóòbù rẹ̀ ń bá a lọ. Ta ló fẹ́ fi í sílẹ̀ fún onílé? Ṣé onílé ló rà á ni? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá dé ilé tuntun, tí ẹ gbójú sókè, wáyà lásán ni ẹ máa rí tó rọ̀ dirodiro.

Mọ́mì ò sì fi òfin yìí ṣeré rárá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ mọ bí àwọn tíṣà ṣe rí. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti ń pè mí pé kí n má gbàgbé ti ilé ìwẹ̀, kí n má gbàgbé ti kọ́rídọ̀, kí n má sì gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé, tí gbogbo ilé ń lò, àmọ́ tó jẹ́ pé àwọn làwọn rà á.

Ọ̀kan ṣoṣo wà tí wọn ò dárúkọ. Ìyẹn ò sì nílò ìránnilétí. Gílóòbù Dádì ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Dádì mi kórìíra iná funfun. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ́nájì bọ́ọ̀bù, Dádì ní iná yẹn máa ń jẹ́ kí pálọ̀ dà bí ọsibítù, pé tí àwọn bá jókòó ka ìwé lábẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń ṣe àwọn bíi pé nọ́ọ̀sì fẹ́ wọlé wá pe orúkọ àwọn. Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ bàbá kan lọ ní Mushin, bàbá tó ń ta nǹkan iná, wọ́n ra odindi páálí gílóòbù yẹ́lò, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, tí dígí rẹ̀ funfun bíi wàrà débi pé èèyàn ò lè rí inú rẹ̀. Méjìlá ló wà nínú páálí ńlá náà, kálukú wà nínú páálí kékeré tirẹ̀.

Òkè àga Dádì ni wọ́n ń fi í sí. Tí ọ̀kan bá jó, wọ́n á mú òmíràn. Èyí tó jó ńkọ́? Mọ́mì á dá a padà sínú páálí kékeré tó ti jáde, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù fa àmì X sí páálí náà lára, wọ́n á sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gílóòbù tó ti jó ṣe? Ẹ bi wọ́n! Látìgbà tí mo ti dáyé, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: a ò mọ̀, ó lè wúlò. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá wa. Ohun tó wà nínú ike bọ́tà inú fíríìjì wọn, ẹ̀gúsí ni.

Nígbà tí Dádì fi máa lọ, èyí tó gbẹ̀yìn nínú méjìlá yẹn ló wà lókè àga wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fi í síbẹ̀, kò ju oṣù kan lọ kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, gílóòbù yẹn ò jó! Ọdún kan kọjá, ó ń tàn. Ọdún méjì, ó ń tàn. Iná gíga wá lọ́jọ́ kan, ó ba fíríìjì wa jẹ́, ó ba tẹlifíṣọ̀n àwọn tó ń gbé lókè wa jẹ́, gílóòbù Dádì kàn ń wò wọ́n ni. Tí èmi àti Káyọ̀dé bá ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé a á gbójú sókè, a á sì sọ pé, "Dádì ṣì wà níbẹ̀." Mọ́mì á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì wọ kíṣìnnì lọ.

Mo sọ ìtàn gílóòbù yìí ní ọ́fíìsì débi pé ọ̀gá mi máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Mo ti gbé fọ́tò rẹ̀ síbí rí, ẹ̀yin kan sì kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ àdúrà tí ẹ gbọ́.

Nítorí náà, ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ẹrù lè fọ́, kí àwo fọ́, kí dígí fọ́, a máa rí òmíràn rà. Gílóòbù kan ṣoṣo yẹn la ò lè rí rà.

Mo dé Ìpọ̀nrí ní aago méje àárọ̀. Mọ́mì ti ní ètò tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ìbọ̀sẹ̀ wé gílóòbù kọ̀ọ̀kan, kí n tò wọ́n sínú ìkòkò ìrẹsì ńlá, kí n sì fi ìdérí dé e. Ìbọ̀sẹ̀? Ìkòkò? Mo ní, Mọ́mì, ayé ti lajú o. Mo ti wo oríṣiríṣi fídíò nípa bí wọ́n ṣe ń to ilé, mo sì ti gba kíréètì ẹyin méjì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹyin nítòsí mi. Ẹyin àti gílóòbù, èwo ló lágbára jù nínú wọn? Ohun tó bá lè gba ẹyin là, ó máa gba gílóòbù là! Mọ́mì wò mí, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n fi ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, àwọn fúnra àwọn máa kó ìyẹn. Ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé pé ó dìgbóṣe.

Ṣé mo wá fi ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí.

Mo kọ́kọ́ tú gbogbo ti àjà. Àwọn oníná ti mú iná lọ láti òru, nítorí náà kò sí wàhálà. Mo gun tábìlì, mo fi aṣọ di gílóòbù Dádì mú, mo yí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gba ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Háà! Eruku! Ìgbẹ́ aáyán! Àwọn páálí kékeré yẹn ti jẹrà, òmíràn ti ya sí méjì. Mo tú gbogbo gílóòbù inú wọn, mo da àwọn páálí sínú àpò ìdọ̀tí, mo sì gbé e fún àwọn akólẹ̀ tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rẹ aṣọ sómi díẹ̀, mo nu gbogbo gílóòbù yẹ́lò yẹn kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan ti Dádì, títí wọ́n fi ń dán.

Ikùn gílóòbù tóbi ju ti ẹyin lọ, nítorí náà mò ń fo ihò kan láàárín méjì kí wọ́n má baà máa fara kan ara wọn. Ẹ̀yin wò ó, ó rẹwà! Mo tò wọ́n bí ọmọ ìléèwé lórí ìlà. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó ṣe mí bákan díẹ̀, nítorí mo ṣáà mọ̀ pé méjìlá ni Dádì rà, àmọ́ mo ní bóyá orí mi ni kò pé. Mo to àwọn ẹ́nájì bọ́ọ̀bù tí mo tú ní àwọn yàrá tó kù sí kíréètì kejì. Mo ya fọ́tò. Mo tiẹ̀ ti ń ronú ohun tí mo máa kọ sábẹ́ rẹ̀ fún yín.

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo kíréètì náà. Mo rò pé ó wú wọn lórí ni. Wọ́n béèrè pé àwọn páálí dà. Mo ní mo ti kó gbogbo ìdọ̀tí dànù. Wọ́n wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Déọlá, èwo ni ti orí àga?"

Mo nawọ́ sí kíréètì láti fi hàn wọ́n.

Mo wo kíréètì. Mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn rí bákan náà. Àwọn páálí tí mo jù nù, tí Mọ́mì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí lára, àwọn ló lè sọ èyí tó ti kú fún wa. Eruku àti ìgbẹ́ eṣinṣin tó wà lára ti Dádì, èyí tí a ì bá fi dá a mọ̀, mo ti fi ọwọ́ mi nù ún kúrò. Ẹ wò mí o! Mo gbé gílóòbù bàbá mi sáàárín òkú, mo sì wẹ gbogbo wọn ní ìwẹ̀ kan náà.

Mo sáré mú ọ̀kan, mo gbé e sétí kí n mì í. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, àbí? Tí gílóòbù bá ti jó, wáyà inú rẹ̀ á ti já, tí ẹ bá mì í, ẹ máa gbọ́ ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́. Àmọ́ Mọ́mì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní wáyà tó ti gbó kò fẹ́ mímì, pé tí mo bá mi èyí tó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló máa já sí. Wọ́n ní kí n gbé kíréètì náà sílẹ̀, tí a bá dé Yaba, àwọn fúnra àwọn máa dán wọn wò, kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Ká ní wọ́n tiẹ̀ pariwo mọ́ mi ni! Ẹ̀yin tí tíṣà bí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Tí wọ́n bá ń jágbe, ọ̀rọ̀ ò tíì le. Tí wọ́n bá ti wá rọra ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ ti wọ gàù nìyẹn.

Ọkọ̀ kòròpé tí a háyà dé, àwọn akẹ́rù kó ẹrù. Mọ́mì jókòó síwájú, báàgì ọwọ́ wọn há sábẹ́ abíyá, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e. Mo rò pé ìwé ilé tuntun ló wà nínú rẹ̀. Èmi jókòó sẹ́yìn, kíréètì wà lórí itan mi, mo fi síkáàfù bò ó. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà, inú àyà mi ló ti ń dún. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà títí ó fi ń rìn bí ẹni ń gbé ìyàwó. Nígbà tí a dúró ní oríta kan, ìyá kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó béèrè pé èló ni kíréètì kan. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní kí ló wá dé tí mo bo ẹyin lójú, àbí ó ti bàjẹ́ ni? Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Omi ló lé róró sí mi lójú.

A dé Yaba ní nǹkan bí aago méjìlá. Kò síná. A kó ẹrù wọlé, a to bẹ́ẹ̀dì, a gbé àga Dádì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò tíì síná. Mọ́mì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́. Kí n lọ ra búrẹ́dì. Mo lọ. Kí n lọ sílé mi lọ sinmi, ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kò rẹ̀ mí. Ṣé mi ò ní aṣọ láti fọ̀ ni? Mo ní aṣọ mi mọ́. Mo rò pé wọn ò fẹ́ rí ojú mi ni, ó sì dùn mí gan-an, àmọ́ mo pinnu pé mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi bá wọn wá gílóòbù yẹn jáde.

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́rin nígbà tí gbogbo àdúgbò ké yèè. Iná ti dé! Kí Mọ́mì tó dìde lórí àga, mo ti wà lórí tábìlì.

Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo ní rárá, èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni màá tún un ṣe. Mo pa súìṣì, mo yí àkọ́kọ́ sókè, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi tàn án. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tẹ súìṣì. Òkùnkùn. Ìkejì, òkùnkùn. Ìkẹta, ìkẹrin. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ súìṣì, mò ń sọ nínú mi pé Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìnùnù mi ló pa á.

Ìkarùn-ún tàn!

Ẹ̀yin èèyàn mi, yẹ́lò! Gbogbo pálọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tàn sórí àga Dádì, ó tàn sórí báàgì Ghana-must-go, àní ó tàn sórí búrẹ́dì. Mo kígbe. Mo jó lórí tábìlì débi pé ẹsẹ̀ kan tábìlì ń mì. Mo ní Dádì ti dé Yaba! Mọ́mì náà pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun, ó ti tó, kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n wá jẹ búrẹ́dì.

Ẹlòmíràn máa sọ̀ kalẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo ní ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, kí n ya àwọn òkú sọ́tọ̀, kí n kọ orúkọ sí wọn lára, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Mọ́mì ní kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan. Wọ́n ní, "Déọlá, fi àwọn tó kù sílẹ̀." Mo ti yí ìkẹfà sókè.

Ìkẹfà ò tàn. Ìkeje ò tàn.

Ìkẹjọ tàn.

Mo wò ó. Mo wo ìkarùn-ún tí mo gbé sórí àga. Mo rò pé bóyá mo ti gbé ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú ìkẹsàn-án, kò tàn. Ìkẹwàá ò tàn. Ìkọkànlá tàn, ó tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Mo yíjú sí Mọ́mì. Mọ́mì ń wo ògiri.

Mo ní, "Mọ́mì, èwo ni ti Dádì?"

Wọ́n ní, "Kò sí ti Dádì níbẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi jókòó sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí àpò ẹrù. Mọ́mì wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Gílóòbù Dádì, wọ́n ní, kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú tó fi jó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, wọ́n tàn án, ó kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n sunkún bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sin ọkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi àti Káyọ̀dé fẹ́ wálé wá ṣe Kérésì, àkọ́kọ́ tí a máa ṣe láìsí Dádì. Wọn ò fẹ́ ká bá òkùnkùn lókè àga náà. Ni wọ́n bá gba Mushin lọ, wọ́n wá bàbá oníná yẹn kàn, wọ́n ra márùn-ún irú kan náà, wọ́n fi ọ̀kan síbẹ̀; láti ìgbà náà, tí ọ̀kan bá jó, wọ́n á yára fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ sọ fún wa. Àmọ́ bí a ṣe wọlé, a gbójú sókè, Káyọ̀dé ní Dádì ṣì wà níbẹ̀, èmi bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ta ló máa wá la ẹnu sọ fún ọmọ pé ní Mushin ni wọ́n ti ra Dádì tó ń wò yẹn? Wọ́n ní àwọn máa sọ ọ́ tó bá di Ọdún Àjíǹde. Nígbà tó fi máa di Ọdún Àjíǹde, mo ti gbé fọ́tò rẹ̀ síta, gbogbo yín sì ti ṣe Àmín.

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ wo bí mo ṣe ń ronú pé mo ti fọ́ ọkàn ìyá mi, tí ìyá mi sì ń wá bí wọ́n ṣe máa lé mi lọ sílé kí àṣírí má baà tú! Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣọ́ gílóòbù yẹn nítorí wa. Ọdún mẹ́fà làwa náà fi ń gbójú sókè nítorí wọn.

Mo pe Káyọ̀dé ní Ìbàdàn, mo gbé ohùn fóònù síta kí Mọ́mì lè gbọ́. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mò ń retí pé kó kígbe. Kò kígbe. Ó wá ní kí Mọ́mì má bínú o, pé lọ́dún tí òun wá lo ìsinmi nílé, iná gíga wá nígbà tí Mọ́mì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gílóòbù náà bú gbàmù lójú òun, òun sáré lọ sí Mushin lọ ra òmíràn, òun sì ju òkú rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ yẹn ni òun ò ti lè wo ojú Mọ́mì dáadáa tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Dádì.

Mọ́mì ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ti rí i pé èyí tó wà lókè mọ́ ju èyí tí àwọn fi síbẹ̀ lọ, àmọ́ báwo làwọn ṣe máa bi í? Tí àwọn bá bi í, tàwọn náà máa jáde!

Ìdí tí mo fi ka mẹ́rìndínlógún nìyẹn: mọ́kànlá ti Dádì, mẹ́rin tó kù nínú èyí tí Mọ́mì rà, àti ọ̀kan ti Káyọ̀dé. Ilé kan ṣoṣo, èèyàn méjì ń gba ọ̀dọ̀ bàbá kan náà lọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó dájú pé bàbá yẹn máa ń ṣàdúrà fún wa.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo béèrè ohun tó kù. Ti Dádì gan-an ńkọ́, èyí tó jó yẹn? Ṣé inú àwọn tí mo nù ló wà?

Mọ́mì wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n fa báàgì ọwọ́ wọn jáde lábẹ́ abíyá, wọ́n ṣí i, wọ́n mú ìbọ̀sẹ̀ kan jáde, ìbọ̀sẹ̀ funfun tí Dádì máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tú u. Gílóòbù kan ló wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ti dúdú bí ẹni pé èéfín gbà á.

"Ṣé o rò pé màá gbé eléyìí lé ìwọ lọ́wọ́?"

Wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì í díẹ̀, wọ́n di ojú. Wọ́n wá gbé e sí mi létí. Ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti hóró ìrẹsì méjì nínú agolo lọ. Mọ́mì ní tí ilé bá ti dá páropáro, àwọn máa ń mú un jáde, àwọn á mì í, àwọn á sì sọ fún un pé ó káre, ó gbìyànjú. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn kí Káyọ̀dé náà gbọ́. Gbogbo wa sunkún díẹ̀, a ò sì tijú.

Ṣé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀? Ó wà o! Àkọ́kọ́, ẹ má dá gílóòbù tó ti jó padà sínú páálí rẹ̀, kó má baà tàn yín jẹ lọ́jọ́ tí ẹ nílò ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì fi síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i lára, kí ẹ má sì ju páálí nù kí ẹ tó kà á. Kíréètì ẹyin dára, mo ṣì dúró lórí ìyẹn, àmọ́ ẹ máa fo ihò kan láàárín, kí ẹ sì gbé e sókè, níbi tí ọmọdé ò ti lè dé. Èyí tó bá fọ́, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa kó má baà gé akólẹ̀ lọ́wọ́. Àti pé, mo gbà, ìbọ̀sẹ̀ ìyá mi dára ju fídíò mi lọ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ sọ yín di òpùrọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ sọ ọ́ fún ara yín. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ń fi pamọ́ fún wọn làwọn náà ń fi pamọ́ fún yín.

Kíréètì náà ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Mo ge bébà kéékèèké, mo lẹ ọ̀kan mọ́ abẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Méjì ni mo kọ "Ó ń tàn" sí, ìkẹta wọn sì wà lókè àga. Àwọn tó kù, mo kọ "Ó ti jó." (Mọ́mì ò gbà kí n dà wọ́n nù. Ẹ mọ ìdí: ó lè wúlò.) Ihò àárín ni ìbọ̀sẹ̀ Dádì wà. Mi ò mọ ohun tí màá kọ síbẹ̀, mo bá fi bébà rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá lọ jẹun, Mọ́mì ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú ọwọ́ tíṣà tó gún régé: "Ó ń tàn."

Ó kù sọ́wọ́ yín. Kí ni ẹ tọ́jú sílé yín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ẹ ò sì jẹ́ jù nù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Mọ́mì ń kà á. Wọ́n ní kí n bá wọn sọ fún àwọn ìyá tó wà láàárín yín pé tí ọmọ yín bá wá fi kíréètì ẹyin bá yín kó ẹrù, kí ẹ jẹ́ kó máa tò ó lọ, kí ẹ ṣáà di báàgì ọwọ́ yín mú.